Kọ́ìlì Ọ̀tún, Kọ́ìlì Òsì

Inú mi máa ń tètè bí. Mo yára sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Ìwà kejì tó bá a rìn ni pé mi ò ní sùúrù àlàyé. Tí mo bá rí ohun tí kò tọ́, ọwọ́ mi á ti débẹ̀ kí ẹnu mi tó là. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní físíìsì ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà mọ̀ mí mọ́ ọn: ẹni tó bá fa ìlà wíwọ́, èmi fúnra mi ni màá gba rúlà lọ́wọ́ rẹ̀, tí màá sì fa òmíràn. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mo ń ṣe.

Iṣẹ́ rìwáyà ni bàbá mi ń ṣe. Tí kọ́ìlì inú fáànù bá jóná, tàbí ti jẹnẹrétọ̀, tàbí ti ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n á gbé e wá fún un. Á tú wáyà tó ti jóná kúrò, á sì wé tuntun sí i, ìyí kan lẹ́yìn òmíràn, títí iye rẹ̀ á fi pé. Láti Ọ̀ṣun ló ti wá sí Ìkòròdú nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n. Ó bá ilé iṣẹ́ kan tó ń yọ́ àlòkù irin ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ ọgbà náà, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wé wáyà síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun látìgbà náà.

Òfin kan ṣoṣo ló ní: kọ́ìlì tí wọ́n wé sódì kò gbọdọ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Fáànù tí kọ́ìlì rẹ̀ bá yí sódì, ẹ̀yìn ló máa ń yí sí, òrùlé ni á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, àwọn tó jókòó nísàlẹ̀ á sì máa làágùn. Bàbá mi gbà pé ẹni tó bá gbé irú ẹ̀ fún oníbàárà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti gba fúríìdọ̀mù, wọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n mo ti bá ọ̀kan nínú wọn pàdé ní Agbowa tó sọ fún mi pé títí dòní, òun kì í gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ wo ọ̀nà tó yí sí.

Ní ti èmi, mò ń kàwé fún oyè másítà ní yunifásítì kan ní Èkó. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, mo wà ní Ẹ̀pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, màá wọkọ̀ gba Agbowa wá sílé ní Ìkòròdú. Ní àwọn ọjọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà bá fẹ́ rí mi, màá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté, màá sọdá ọ̀sà. Ìgbà yẹn, fóònù ti dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ní láti lọ tò sí kaféè.

Ohun tí èmi àti ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ wọ̀n nìyí. Ní ilé ìwádìí kan nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní lésà kan, ẹ̀rọ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ líle, tó fẹ̀ tó gbọ̀ngàn ìdánwò. Tí wọ́n bá yìn ín, iná tó ń jáde lára rẹ̀ á ti wá, á ti lọ, kí ìpéǹpéjú èèyàn tó ronú àtipadé. Wọ́n á darí iná náà sí irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n so wáyà róbótó mọ́. Bó bá ti lu irin yẹn, iná mànàmáná ńlá á sáré gba inú wáyà róbótó náà, òòfà á sì yọ níbẹ̀ tó lágbára ju èyíkéyìí tí a lè fi irin ṣe lọ, á tún pòórá lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohun tí a lè gbé sítòsí rẹ̀ tí kò ní jóná. Nítorí náà, kọ́ìlì wáyà tín-ín-rín kan, tí kò tóbi tó orí ìṣáná, la máa ń gbé sí ibi tó jìnnà díẹ̀. Bí òòfà náà bá ṣe ń yọ tó sì ń pòórá, á ti iná díẹ̀ sínú kọ́ìlì yẹn. Inú iná díẹ̀ yẹn la ó ti ṣírò bí òòfà náà ṣe lágbára tó.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé bí lésà bá ti lu irin, ariwo iná mànàmáná máa ń kún gbogbo yàrá, á sì wọ inú gbogbo wáyà tó wà níbẹ̀. Kọ́ìlì kan ṣoṣo kò lè mọ èyí tó jẹ́ òòfà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ariwo. Kọ́ìlì méjì la máa ń gbé síbẹ̀, a ó wé ọ̀kan sí ọ̀tún, a ó wé èkejì sí òsì. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú mọ̀ ọ́n. Tí èèyàn méjì bá kọjú síra wọn nínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ọ̀kan lójú ló ń fẹ́ èkejì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá gbé ọkọ̀ sókè, àwọn méjèèjì ló jọ máa gbé sókè. Òòfà ni afẹ́fẹ́, ariwo ni ìgbì. Tí a bá yọ ohun tí kọ́ìlì kan sọ kúrò nínú ohun tí èkejì sọ, ariwo á tán, òòfà nìkan á ṣẹ́kù.

Ó yẹ kí n bá ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì níbi tí mo ti lọ tọrọ físà bi mí pé kí ni mo ń lọ ṣe, mo ní mo fẹ́ lọ wọn òòfà. Ó wò mí títí, ó sì kọ̀ mí. Kọ́ìlì náà ni yóò lọ, èmi ó dúró sílé. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fún wa nídìí lésà yẹn, àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn wa sì pọ̀ débi pé kò sí ìrètí òmíràn kí àkókò tí yunifásítì fún mi tó tán. Tí kọ́ìlì mi kò bá rí nǹkan kan, iṣẹ́ ọdún méjì mi ti ṣòfò nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo rò pé ó wà nínú ewu nìyẹn. Ohun tí ojú mi kò tó ni pé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi náà wà níbẹ̀.

Òun ni mo ní kó bá mi wé kọ́ìlì náà. Ta ni mo tún fẹ́ bẹ̀? Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ó sì ti ń na ìwé ìròyìn síwájú kó tó lè kà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ọ́ sí i létí. Ó fi awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń lò sójú, ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan, ó ń wé wáyà tó rí bí irun orí mọ́ ọn lára.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe lọ́hùn-ún, ìyá mi?" ó bi mí.

"Wọ́n fẹ́ fi wọn òòfà ni, Bàbá mi. Ẹ ṣáà wé ìyí márùn-ún márùn-ún fún mi."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

Irọ́ ni. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, àní ó jù ú lọ dáadáa. Mo gbàgbé láti sọ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí sí òsì. Ká tilẹ̀ ní mo rántí, mi ò rò pé ó yẹ kí n máa ṣàlàyé lésà fún ẹni tó ń tún fáànù ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó nígbà yẹn, mi ò ní fi bò.

Nígbà tó gbé méjèèjì lé mi lọ́wọ́, mo rí i pé ọ̀tún làwọn méjèèjì yí sí. Wọ́n dára, wọ́n jọra bí ìbejì. Ó ti tó wákàtí méjì tó ti wà lórí wọn, inú rẹ̀ ń dùn, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ìrun àsàrì ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó bu omi, ó lọ. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo fi awò rẹ̀ sójú, mo tú ọ̀kan nínú kọ́ìlì náà, mo sì tún un wé sí òsì. Kó tó ti mọ́ṣáláṣí dé, mo ti di méjèèjì sínú òwú. Ó ní ṣé wọ́n dára, mo ní wọ́n dára gan-an. Mi ò fẹ́ kó rò pé mo ń bu iṣẹ́ rẹ̀ kù, nítorí náà mi ò sọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé wọn sọdá ọ̀sà, mo fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná sójú gíláàsì wò wọ́n ní yunifásítì. Ìlà ọ̀kan lọ sókè, ìlà èkejì wá sílẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo buwọ́ lù ú. Ó wá ku kí a kì wọ́n bọ fáníìṣì kí wáyà náà má baà yẹ̀ nípò, iṣẹ́ bàbá mi sì ni. Mo kó wọn fún un ní Ọjọ́ Àìkú, mo padà sí Ẹ̀pẹ́. Ní Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gbẹ, wọ́n ń dán. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ rìnrìn àjò lọ́jọ́ kejì, nítorí náà ilé rẹ̀ ni mo kó wọn lọ tààrà. Mi ò tún fi ẹ̀rọ wò wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ lù mí fún ìyẹn lè lù mí, ṣùgbọ́n bàbá mi ló kùn wọ́n, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣàkíyèsí pé bàbá mi ti ń dá àwọn iṣẹ́ kan padà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, obìnrin aránṣọ kan gbé mọ́tọ̀ kékeré tó ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá. Iṣẹ́ tí bàbá mi fẹ́ràn jù nìyẹn, wáyà rẹ̀ tín-ín-rín. Ó júwe ọkùnrin mìíràn fún un lójú ọ̀nà Ṣágámù. Ẹ̀rọ ńlá tí wáyà rẹ̀ nípọn nìkan ló kù tó ń gbà.

"Bàbá mi, ẹ lé oníbàárà," mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Ọwọ́ àgbà ti wúwo," ó ní.

Mo ní ó dáa, kó máa sinmi. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ lésà, mò ń ka ọjọ́.

Lẹ́tà ọ̀jọ̀gbọ́n bá mi ní kaféè kan ní Ẹ̀pẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n yin lésà náà. Ó ní gbogbo ẹ̀rọ yòókù ṣiṣẹ́, kọ́ìlì mi nìkan ni kò rí nǹkan kan. Tí wọ́n bá yọ ọ̀kan nínú èkejì, òfo ló ń kù. Ó ní òun kó gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè fojú ara mi rí i. Mo kà á tán, mo tún un kà, títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà fi ní kí n jọ̀ọ́ dìde.

Mo gbé nọ́ńbà náà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, mo lọ yà á sórí kọ̀ǹpútà iléẹ̀kọ́ wa lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé. Mo fi ìlà kọ́ìlì kan lé ìlà èkejì lórí. Wọn kò yàtọ̀. Níbi tí ọ̀kan bá ti gòkè, èkejì gòkè. Níbi tí ọ̀kan bá ti wọ̀, èkejì wọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ìlì méjèèjì rí nǹkan, wọ́n rí i dáadáa, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n kọjú sí. Ẹnì kan ti yí ọ̀kan padà, mo sì mọ ẹni náà.

Mi ò dúró de Ọjọ́ Ẹtì. Mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀, mo wọkọ̀ gba Agbowa. Gbogbo ojú ọ̀nà ni mo fi ń to ohun tí màá sọ sẹ́nu. Bàbá mi jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbọ́ rédíò. Ìkúnlẹ̀ tí mo fi kí i kò kanlẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé ẹ fọwọ́ kan kọ́ìlì mi?"

Ó pa rédíò náà. "Kọ́ìlì wo?"

"Kékeré méjì yẹn. Lẹ́yìn tí mo kó wọn fún yín pé kẹ́ ẹ kùn wọ́n."

"Mo tún ọ̀kan wé," ó ní. "Mo yẹ̀ wọ́n wò kí n tó kì wọ́n bọ fáníìṣì, mo wá rí i pé ọ̀kan yí sódì. Mo tú u, mo tún un wé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo rí i, kó má lọ dójú tì ọ́ lọ́hùn-ún."

"Òdì yẹn gan-an ni mo fẹ́," mo ní. Ohùn mi ti lọ sókè. "Ta ló ní kẹ́ ẹ tún un wé? Ẹ ò bi mí. Iṣẹ́ ọdún méjì ti dòfo, Bàbá mi. Ẹ ò ṣáà bi mí."

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó yẹ kó bínú. Ńṣe ló fa àga kejì sún mọ́ mi.

"Jókòó," ó ní. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ wo ni òdì yẹn fẹ́ ṣe? O ò sọ ọ́ fún mi."

Mo jókòó, mo sọ ọ́. Mo sọ ti ọkọ̀ ojú omi, ti afẹ́fẹ́ àti ìgbì. Mi ò tíì sọ dé ìdajì tó fi ń mi orí.

"Ó yé mi," ó ní. "Òòfà á ti ọ̀kan síwájú, á ti èkejì sẹ́yìn. Ariwo á gbé méjèèjì papọ̀. Ohun tó rọrùn báyìí lo ń gbé pa mọ́."

Ó gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí ni.

"Nílé iṣẹ́ irin, nídìí òòfà tí kéréènì fi ń gbé irin," ó ní, "tí a kò bá mọ orí wáyà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, ńṣe la máa ń yí i padà, a ó tún tan iná sí i. Ohun tó bá yí padà, ti òòfà nìyẹn. Ohun tí kò bá yí, ibòmíràn ló ti wá. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yẹn, ṣé wọn ò yí tìrẹ padà lẹ́ẹ̀kan?"

Mi ò mọ̀. Mi ò tilẹ̀ ronú kàn án. Mo dìde, mo sáré lọ sí kaféè tó wà lójú pópó, mo kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ fún bàbá mi kí n tó dìde: pé èmi ni mo wé kọ́ìlì yẹn sósì, kì í ṣe òun. Ó wù mí kí n sọ pé mo gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Ojú ló ń tì mí, pàápàá lẹ́yìn tí mo ti pariwo mọ́ ọn.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ní ìgbà kẹrin, ọ̀pá tí kọ́ìlì wà lórí rẹ̀ dí ẹ̀rọ mìíràn lọ́nà, wọ́n sì yí i kọjú sódì kí àyè lè gbà á. Wọn kò tilẹ̀ ka ìyẹn sí. Mo padà sí Ẹ̀pẹ́, mo yọ ìgbà kẹrin kúrò nínú ìgbà kẹta, nítorí pé agbára lésà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nígbà méjèèjì. Ariwo náà wálẹ̀. Ohun kan gòkè láàárín, ó dúró ṣinṣin, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ka nípa rẹ̀ fún ọdún méjì, mi ò rí i rí. Mo sunkún díẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà iléẹ̀kọ́.

Nọ́ńbà tí mo rí kò mọ́ tónítóní, àlàfo àṣìṣe tó yí i ká fẹ̀, mo sì ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n ó dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á, àwọn tó yẹ ìwé náà wò gbà á. Níbi tó yẹ kí n ti ṣàlàyé bí kọ́ìlì méjèèjì ṣe wá kọjú síbì kan náà, mo kọ ọ́ pé àṣìṣe wáyé nígbà tí wọ́n ń wé wáyà. Mo kọ ọ́ bí ẹni pé kọ́ìlì ló wé ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ní mo ti yege, Ìkòròdú ni mo gbà lọ. Bàbá mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún. Mo fẹ́ sọ fún un pé òòfà náà ju èyí tí kéréènì fi ń gbé irin nílé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, torí mo mọ̀ pé ìyẹn ni yóò bi mí. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń máàkì ìwé. Ó dì mọ́ mi, ó gbàdúrà fún mi. Ó wá ní kí n má jẹ́ kí ó ya mí lẹ́nu tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, pé ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ ìwéwáyà náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Kí ló dé?" mo ní.

"Ó ní òun ti tà á. Ó ní ojú òun ti lọ." Ìyá mi bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ní òun wé kọ́ìlì rẹ sódì, òun ò sì mọ̀, pé ọpẹ́lọpẹ́ pé òun tún un yẹ̀ wò. Ó ní tí irú ẹ̀ bá lè ti ọwọ́ òun jáde fún ọmọ òun, òun ò ní jókòó máa ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà yẹn ló ti ń gbàdúrà sí ojú náà. Mo ní kó jẹ́ ká lọ rí dókítà, ó ní kí ni dókítà fẹ́ sọ fún òun tí òun ò tíì rí."

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo sì rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ń fi àkísà nu ẹ̀rọ náà, ó ń nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé yunifásítì ti pè mí.

"Bàbá mi, kì í ṣe ojú yín," mo ní.

"Kí ni kì í ṣe ojú mi?"

"Èmi ni mo wé kọ́ìlì yẹn sósì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ kírun àsàrì ni. Méjèèjì tẹ́ ẹ wé fún mi ló tọ́. Mo tú ọ̀kan, mo tún un wé, mi ò sì sọ fún yín."

Ó dá àkísà dúró. "Ìwọ?"

"Èmi ni, sà."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbí?"

"Lórí àga yín."

Mo ti múra sílẹ̀ de ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ. Ńṣe ló fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó yọ wáyà tín-ín-rín, ó yọ abẹ́rẹ́ kan, ó sì tì wọ́n sí iwájú mi.

"Wé òmíràn," ó ní. "Sósì. Kí n wò ó."

Mo jókòó, mo wé e. Mo wé ìyí márààrún pé. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi awò sójú, ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

"Ìyí kejì gun orí ìkíní," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó síbí, mo ń wò ó. Mo ní, ṣé bí ọwọ́ mi ṣe wá dà nìyí."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún débi tí mi ò fi mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Oṣù tó ti fi ń dá iṣẹ́ padà, gbogbo rẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn, obìnrin aránṣọ yẹn, àti ẹ̀fẹ̀ tí mo fi ṣe. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Kò ní kí n dákẹ́, kò sì sọ pé kò sí nǹkan kan, nítorí pé nǹkan kan wà.

"Dìde," ó ní níkẹyìn. "Tú u. Ọmọ tèmi kò gbọdọ̀ wé wáyà báyìí."

Mo tú u, mo tún un wé. Ó wò ó, ó dá a padà. Mo tún un wé. Nígbà keje ló tó gbà á lọ́wọ́ mi, tó sì gbé e sórí tábìlì. Ó wá ní kí n sáré lọ sọ fún ìyá mi kó tẹ ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láago, pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.